Èmi Ni Mo Ní Irin Náà Tutù

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, ẹ̀yin tí ẹ bá wà ní gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí, ẹ kú ìjókòó. Kí ẹ tó na ọwọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ bọ́ílà onígi tí ẹ fẹ́ tún kọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti há mi lọ́nà ọ̀fun fún ọdún mọ́kànlá. Mo gbé e mì títí, kò lọ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta lónìí. Mo gbọ́ pé ẹ ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni lẹ lè gbé iṣẹ́ náà fún, àfi obìnrin tí igi rẹ̀ jóná. Àbúrò mi ni obìnrin náà. Igi yẹn kò jó láti ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni, èyí tí mo fi di bírò mú.

Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ọdún kẹta sì nìyí tí mo mọ ìwé í kọ, nítorí náà níbi tí lẹ́tà bá ti wọ́, ẹ bá mi nà án. Kò sí ẹni tó bá mi kọ ọ́. Ara mi le, oúnjẹ ń lọ, kì í ṣe ikú ni mo rí tí ẹ̀rù fi bà mí tí mo fi ń sáré fọ ọwọ́. Ohun tí mo rí burú ju ikú lọ, n ó sì dé ibẹ̀.

Ọmọ agbégilódò ni wá. Ilé ìlagi bàbá wa wà lẹ́bàá odò. Ayùn ńlá kan ṣoṣo ló ní, ayùn náà kò sì ṣeé dá lò. Bàbá á máa ti ìtì igi sí i lẹ́nu níhìn-ín, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún tí yóò máa gba pákó bó ṣe ń jáde. Èmi ni mo ń gba pákó. Ìyá wa kú nígbà tí àbúrò mi kò tíì rìn, nítorí náà èmi náà ni mo pọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń gba pákó tí ó ń sùn lẹ́yìn mi, tí lẹ́búlẹ́bú igi ń bọ́ sí i lórí bí ìyẹ̀fun. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú. Nígbà tó tó ilé ìwé lọ, bàbá wa wò mí, ó wò ó, ó ní, "Ìwọ ti mọ igi. Jẹ́ kí èyí mọ ìwé." Mi ò bínú nígbà náà. Rárá, mo ti ṣèlérí pé òtítọ́ ni n ó kọ: mo bínú díẹ̀, mo sì gbé ìbínú náà pamọ́ síbi tí èmi fúnra mi ò ti ní máa rí i.

Ohun tí igi fún mi dípò ìwé ni ọwọ́ yìí. Bí mo bá bu èérún igi, tí mo fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí mo fi kan ètè, mo ti mọ̀ bóyá ó gbẹ tó láti jó láìrú èéfín. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí ní Ọwọ́-Òṣùwọ̀n. Àwọn káfíńtà a máa wá láti òdìkejì ìlú, wọn a na pákó sí mi, wọn a ní, "Ìyá, ẹ bá wa bi í léèrè, ṣé ó ti ṣetán?" Èmi náà á fọwọ́ pa á bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ, n ó ní kí wọ́n lọ tún un sá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó ń bá mi jiyàn. Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ.

Bàbá wa ti kú nígbà tí àbúrò mi parí ẹ̀kọ́ tó padà wálé. Ẹ mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Epo rọ̀bì ni wọ́n ń fà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Epo la fi ń wakọ̀, epo la fi ń tan iná, epo dísù ni ilé ìwòsàn fi ń se omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ibùsùn aláìsàn. Síbẹ̀ bí epo bá wọ́n lọ́la, gbogbo wa á tò sórí ìlà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Lẹ́yìn ilé ìlagi wa, òkè èèpo igi àti àjákù pákó ga ju òrùlé lọ. Iṣẹ́ ọkùnrin kan tí a ń pè ní Oníná ni pé kó máa dáná sun ún lójoojúmọ́, lásán, kí àyè lè wà. Ní ọjọ́ kejì tí àbúrò mi dé, ó dúró níwájú òkè náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ààtàn lẹ̀ ń wò níbí, àbí?" Mo ní, "Kí ni ìwọ ń wò?" Ó ní, "Omi gbígbóná fún gbogbo wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn." Oníná fara ti igi tó fi ń ko iná, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, iná tí mo ti ń bọ́ láti ogún ọdún yìí, kò sọ fún mi rí pé òun ń wá iṣẹ́ gidi." Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lára: Ẹnjiníà.

Ohun tó fẹ́ ṣe kò ṣòroó lóye. A ó rún àjákù igi wẹ́wẹ́, a ó sá a kó gbẹ, a ó fi bọ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi. A ó sì gbin igi tó ń yára dàgbà sí ilẹ̀ ahoro tó wà lódìkejì odò, tí yóò fi jẹ́ pé bí a ti ń gé apá kan ni apá kejì ń hù. Ìwé ti kọ́ ọ ní bọ́ílà. Kò kọ́ ọ ní igi. Oṣù mẹ́fà ló fi tẹ̀lé mi káàkiri àgbàlá pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èyí ò tíì gbẹ?" "Mo mọ̀ ni." "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, 'mo mọ̀ ni' kò ṣeé kọ sílẹ̀." "Ṣé èmi ni mo ní kí o kọ ọ́?" Á rẹ́rìn-ín, á tún béèrè. Mo kọ́ ọ ní ohun tí bàbá wa kọ́ mi: pé igi tútù tí a bá kó jọ gègèrè kì í dákẹ́, inú rẹ̀ a máa gbóná fúnra rẹ̀ bí ààtàn tó ń rú èéfín láàárọ̀, pé a kì í da tútù lé gbígbẹ, pé ọ̀pá irin gígùn la fi ń bá òkìtì èérún igi sọ̀rọ̀. A ó ki irin náà bọ òkìtì dé ìdí, a ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, a ó fà á yọ, a ó sì di ibi tó wọlé jù mú. Bí o bá lè ka ení dé ẹ̀wá kí o tó jù ú sílẹ̀, òkìtì ń sùn. Bí o kò bá lè kà á dé ẹ̀wá, tú òkìtì náà ká kíákíá. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tó ń kọ ọ́.

Ibo wá ni ìlara ti wọlé? N ó sọ ibi tó gbà wọlé gan-an. Lọ́jọ́ kan àwọn àlejò wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ kò mọ ẹrẹ̀ rí. Àbúrò mi mú wọn yí àgbàlá po. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa omi inú igi, nípa òkìtì àti irin, gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, àmọ́ ní èdè tí mi ò gbọ́. Obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Àwọn ló ń bójú tó àgbàlá." Òótọ́ ni, èmi ni mo ń bójú tó o. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì na kọ́ọ̀bù tó ti mu omi inú rẹ̀ tán sí mi pé kí n bá òun gbé e lọ. Mo gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi kò sọ kọ́ọ̀bù yẹn kalẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀rọ kan dé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, eyín irin méjì ló ní. Bí o bá fi gún igi, nọ́ńbà á yọ lójú rẹ̀. Mi ò mọ nọ́ńbà kà nígbà náà. Àbúrò mi á fi gún igi, á kọ ọ́. Á ní kí èmi náà fọwọ́ kan án kí n sọ tèmi, á tún kọ ìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó yẹ kí ọwọ́ yín sinmi báyìí, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀rín músẹ́ ló fi sọ ọ́. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé kí n lọ jókòó. Àwọn káfíńtà tó máa ń wá bi mí léèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Kí ni ẹ̀rọ wí?" Ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹjọ́: èmi ni mo pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, pákó tí mo gbà ló di ìwé tó kà. Ẹni tó bá ń ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ lọ́rùn láìlanu, kó yáa mọ̀ pé inú òun ti ń gbóná.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn gbà láti dán bọ́ílà náà wò. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àdéhùn. Bí iná onígi bá jó fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìkú, wọn yóò pa ti dísù tì, wọn yóò sì kọ́ mẹ́ta sí i fún àwọn ilé ìwé. Àbúrò mi ká ẹní rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, ibẹ̀ ló ń sùn. Kó tó lọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ àgbàlá lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gbogbo igi wà lọ́wọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá ní ó dára, ó dára." Ẹni tí a fọkàn tán tó báyìí, kí ló tún ń wá? Mo rántí pé mo wo kọ́kọ́rọ́ náà, mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ wò ó, ó ti sọ mí di aṣọ́lé. Ní àràárọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni irin wí?" Èmi á ní, "Irin ní àlàáfíà ni." Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Ìyá, omi wa ń gbóná, aṣọ wa ń mọ́, a ò rí èéfín. Orí ló gbé àbúrò yín pàdé wa. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ọjọ́ kejìdínlógún nìyẹn.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, awakọ̀ típà wa wọ àgbàlá. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí pé ìgbín lè bá ọkọ̀ rẹ̀ rìn kí wọ́n jọ dé. Èérún igi tútù ló kó, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tewé-tèèpo, tí òjò sì tún pa. Ó yẹ kó dà á sọ́tọ̀, síbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà mẹ́ta la ń kó igi gbígbẹ sí. Mo wo òkìtì ńlá tó wà lábẹ́ ẹ̀kẹta, òkìtì gbígbẹ tí wọn yóò fi parí ọgbọ̀n ọjọ́ náà. Mo ní, "Dà á síbẹ̀ yẹn." Jẹ́jẹ́ yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá, lé gbígbẹ? Èmi tí mi ò mọ igi, mo mọ ìyẹn." Mo ní, "Ẹnjiníà ló sọ bẹ́ẹ̀." "Ẹnjiníà fúnra rẹ̀?" "Ṣé o fẹ́ lọ bi í léèrè ni? Pẹ̀lú bó o ṣe ń wakọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ á ti pé kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, ó sì dà á. Ọkọ̀ méjì ló dà. Nígbà tó lọ tán, mo mú ṣọ́bìrì, mo fi gbígbẹ bo tútù bí òjò ti ń lu òrùlé, mo tẹ́ ojú rẹ̀ dáadáa bí ẹni tẹ́ ibùsùn. Kì í ṣe iná ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí tútù dé bọ́ílà, kó rú èéfín dúdú sójú gbogbo wọn, kí àbúrò mi sáré wá bá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe igi wa?" Kí n wá bu èérún náà níwájú wọn, kí n fún un pọ̀, kí n fi kan ètè. Ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n ní kí n wá.

Ṣùgbọ́n igi tútù kì í dúró de ètò ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, mo ki irin bọ òkìtì náà, mo fà á yọ, mo ka ẹ̀jọ kí n tó jù ú sílẹ̀. Fóònù dún. "Kí ni irin wí, ẹ̀gbọ́n mi?" "Àlàáfíà ni." Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo ka ẹ̀rin. "Kí ni irin wí?" "Àlàáfíà ni." Mo ṣì lè tú u ká nígbà náà. Ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ìdajì ọjọ́, ó tán. Àmọ́ bí a bá tú u, wọn á rí tútù nínú rẹ̀, wọn á béèrè ẹni tó dà á síbẹ̀. Ìtìjú bò mí lójú ju èéfín lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, irin náà jó mi kí n tó ka ení. Awọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi lẹ̀ mọ́ ọn. Òórùn kíkan kan ń ti inú òkìtì jáde. Mo ṣì ń fi aṣọ mi di ọwọ́ náà tí fóònù fi dún. Àbúrò mi ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ mélòó kan báyìí, mi ò sùn tó wákàtí méjì. Kí ni irin wí?" Mo ní, "Ó tutù bí omi inú àmù." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, n bá wá wò ó fúnra mi."

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí òkìtì náà, tín-ín-rín, funfun. Oníná ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbá ṣọ́bìrì mú, ó ń sáré lọ síbẹ̀ kó lè là á kí iná má baà dé àtíbàbà kejì. Ẹ dúró kí n sọ èyí, nítorí òun ló burú jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé òkìtì tó bá ti dé ibẹ̀ kò ṣeé là mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀, yóò bú jáde bí ẹranko. Oníná kò mọ̀ ọ́n. Ìta gbangba ló ti ń dáná tirẹ̀. Ẹsẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín wa. Mo lè pariwo pé, "Padà, inú rẹ̀ ti di ẹyin iná." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pariwo bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun mọ inú rẹ̀. Mo lanu, mo sì pa á dé. Ó ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni iná yọ. Ó jó o lápá méjèèjì, ó jó o lójú, ìka mẹ́ta lẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo wọ́ ọ jáde, èmi ni mo da omi lé e lórí. Di òní, bó bá rí mi lọ́nà, á gbé ọwọ́ tó ká kò yẹn sókè, á ní, "Ẹ wo ìyá tó gbà mí." Ẹ gbọ́ orúkọ tí mo ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tí mo sun.

Àtíbàbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jó tán. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kò sí igi mọ́, bọ́ílà kú, ilé ìwòsàn sì tan ti dísù padà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ pè wá sí yàrá ìpàdé. Àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní, "Ìyá ló ní kí n dà á síbẹ̀, wọ́n ní Ẹnjiníà ló sọ." Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rò pé níbi tí mo ti ń pa iná ni mo ti fara jó. Alága bi mí tìtìjútìtìjú, "Ìyá, ṣé òun ló sọ ọ́ fún yín lóòótọ́?" Mo wo àbúrò mi. Mo ní, "Òun ló sọ ọ́. Lórí fóònù ni." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójúewé-lójúewé. Ó ní, "Kò sí nínú ìwé mi." Alága ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ń purọ́ ni?" Ó pa ìwé náà dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́. Mi ò sùn dáadáa láwọn ọjọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé mo sọ ọ́, tí mo ti gbàgbé." Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á fún mi, mo sì tẹ ìka sí i. Ìka òsì ni, torí irin ti jó ọ̀tún.

Ó kúrò nílùú kí oṣù náà tó tán, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò níbi kan. Ẹ̀yin náà rántí ọdún tí epo wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, tí ilé ìwòsàn ń fi omi tútù wẹ ọmọ tuntun. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ògiri wọ́ọ̀dù ìbímọ kọjá lọ sọ́jà, mo ń gbọ́ igbe wọn. Mo wá ọ̀nà mìíràn tí n ó máa gbà. Ìlara yẹn náà kò kú o. Ẹni tí mo ń ṣe ìlara rẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ inú mi a máa dùn bí àwọn káfíńtà bá tún na pákó sí mi. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Mi ò lọ kọ́ ìwé nítorí pé mo ronú pìwà dà. Ojú ló ń tì mí pé ọmọ ọmọ mi ló ń ka ara ìgò oògùn fún mi. Ní kíláàsì àwọn àgbà, olùkọ́ ní kí kálukú mú ohun tó bá wà nílé rẹ̀ wá kà. Ìwé kan ṣoṣo tó wà nílé mi ni ìwé kékeré àbúrò mi, tó gbàgbé sójú fèrèsé ilé ìlagi. Ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dé ojú ewé kan tó fà lá ní méjì. Apá kan ní "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi," apá kejì ní "Ẹ̀rọ." Nísàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni mo dán an wò. Ẹ̀rọ ṣì í ní ìgbà mẹ́rìnlá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì í lẹ́ẹ̀mejì péré. Ọwọ́ ni ká tẹ̀ lé. Ká wá ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi yóò máa kọ́, kí ọwọ́ wọn lè sinmi." Ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ̀rọ dé ló kọ ọ́. Olùkọ́ ní, "Ìyá, ẹ máa kà á lọ." Mo ní ojú ń dùn mí.

Mo wọkọ̀ lọ bá a. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé ló ń gbé. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀, ó fi mí jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní, ó ní kí n má bínú pé òun ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kọ́ọ̀bù títí dé orí ìka òsì. Bó ti ń gbọ́, bírò pupa rẹ̀ ń lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àmì méjì wà nídìí ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń máàkì gbogbo ìwé, nítorí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, bírò náà dúró. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wá ọjọ́ yẹn nínú orí mi. Mo wá a títí: aago mélòó ni, aṣọ wo ni mo wọ̀, ta ló dúró tì mí, nígbà tí mo ní kí wọ́n da tútù lé gbígbẹ. Mi ò rí i. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹni tó lè pa irú àṣẹ yẹn kó sì gbàgbé, kò yẹ kí wọ́n fún un ní iná dì mú mọ́. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ ló lé mi nídìí bọ́ílà, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo lé ara mi." Ohun tí mo ní ó burú ju ikú lọ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo jó. Mo gba orí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ fún mi láyè." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹnu lẹ fi dè mí. Ìwé ni kẹ́ ẹ fi tú mi. Ẹ lè wá ẹni tó máa bá yín kọ ọ́?" Mo ní, "Èmi ni n ó kọ ọ́." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin? Ta ló kọ́ yín?" Mo ní, "Olùkọ́ kọ́ mi ní lẹ́tà. Ìwé rẹ ni mo fi mọ̀ ọ́n kà." Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fún mi ní bírò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ṣe ohun tí òfin bá ní kẹ́ ẹ ṣe fún mi, mi ò ní sá. Oníná, jọ̀ọ́, má pè mí ní ìyá tó gbà ọ́ mọ́. Bó o bá fẹ́ bú mi, wá sílé, n ó jókòó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tó sún mọ́ yín bá ṣe ohun tó dùn yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo sọ pé, "Àbúrò mi, wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀bù gbé lójú rẹ, o kò sì rí i," ì bá ti bẹ̀ mí kí ilẹ̀ tó ṣú, Oníná ì bá ní ìka mẹ́wàá.

Mo ti bẹ àbúrò mi kó wá jókòó sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ó sì ní òun yóò wá. Ẹni tó ń kà á, jọ̀ọ́, gbójú sókè, kó o sì ka èyí tó kù ketekete, nítorí ẹnu tí kì í ṣe tèmi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Ẹnjiníà, o kò pa àṣẹ náà. O kò sọ ọ́ lójú oorun, o kò sọ ọ́ lórí fóònù, o kò sọ ọ́ rárá. Bó o ṣe rántí rẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀.